Bí A Ṣe Ń Gbin Òdòdó Oòrùn Sínú Ike Ọ̀dà ní Coconut

Oòrùn kò wọ́n wa ní Coconut, lẹ́bàá Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó; ilẹ̀ ló wọ́n. Kọnkéré bo ẹ̀yìnkùlé púpọ̀, bí òjò bá sì rọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, omi kì í tètè fà. Bẹ́ẹ̀, òdòdó oòrùn kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Nítorí náà, ike ọ̀dà lítà 20 ló dára jù. Ẹ lu ihò márùn-ún sí ìdí rẹ̀, kí ẹ po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa.

Ẹ má ṣì í mú fún òdòdó yẹ́lò tó ń hù bí igbó lẹ́bàá títì, tí àwọn kan ń pè ní jogbo. Ìyẹn yàtọ̀, àmọ́ ewé rẹ̀ wúlò: ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, yóò di ajílẹ̀.

Ìparí oṣù Kẹjọ ni kí ẹ gbìn ín, kí orí rẹ̀ lè gbó nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Àwọn olùwádìí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ FUNAAB l'Abẹ́òkúta náà ti gbìn ín lásìkò òjò kejì. Irúgbìn tí wọ́n ti yan kò lè hù. Ẹ fi mẹ́ta sínú ike kan, kó jìn tó oríkèé ìka. Tí wọ́n bá hù láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ fa ìyókù tu. Ẹ má lọ́ ọ gbìn síbòmíràn, gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ ìdààmú. Eruku tẹ́rélà tó ń kọjá máa ń bo ewé rẹ̀. Ẹ máa fi omi ṣàn án láàárọ̀.

Ohun tó wù mí jù nìyí: lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ igi tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló ń yára gùn, ìyẹn ló ń ti orí rẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Lóru, ẹ̀gbẹ́ kejì á gùn tirẹ̀, orí á padà. Tí igi kò bá ga sí i mọ́, orí á dúró gbagidi sí ìlà-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ á tètè mú un gbóná, oyin á sì máa bà lé e. Nítorí náà, ẹ má gbé ike sí ibi tí ògiri ti dí ìlà-oòrùn. Orí náà kì í sì í ṣe òdòdó kan: ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó kéékèèké ló kóra jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó wà láàárín lè so hóró kan.

Tí ẹ̀yìn orí bá pọ́n tó sì ń gbẹ, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àtijọ́ bò ó kí ẹyẹ má bàa jẹ ẹ́ tán. Igi náà kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tọ́jú irúgbìn díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ di oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀.