Temitope Ojo: Ìpè Méjì Péré, Iṣẹ́ Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Bí a bá ń ka àwọn ọmọ wa tó ti mókè nínú eré ìdárayá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni a sábà máa ń kà. Ẹnìkan wà tí mo fẹ́ kí a fi kún wọn, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan gbogbo òbí tó ní ọmọ tó fẹ́ràn pápá. Temitope Ojo ni orúkọ rẹ̀. Topsy ni àwọn olólùfẹ́ rọ́gíbì ń pè é. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1985, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọmọ ní Tèmitọ́pẹ́ ti dúpẹ́ ṣáájú kí ó tó mọ ohun tí ọmọ náà yóò dà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ jù ú síwájú. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà òpin àwọn alátakò tó sì fi kanlẹ̀ ti gba tráì, àmì márùn-ún sì ni. Àwọn méjì tó ń wọ nọ́ńbà 11 àti 14 ni wọ́n ń dúró ní etí pápá lọ́tùn-ún àti lósì. Ipò Ojo nìyẹn. Eré sísá ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìdúró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù lè ti ọwọ́ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní í dé rárá. Síbẹ̀, bí ọkàn wọn bá kúrò nínú eré fún ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ gan-an ni alátakò yóò gbà wọlé. Sùúrù ni baba ìwà. Ó jọ pé sùúrù náà ni baba ipò yìí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2008, Ojo wọ aṣọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 22 ni. Eden Park ní Auckland, ní New Zealand, ni wọ́n ti ṣeré náà, pápá tí àwọn All Blacks kò tíì pàdánù níbẹ̀ láti 1994. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù pẹ̀lú 37 sí 20, ṣùgbọ́n ọmọ tuntun yìí gba tráì méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní Christchurch, wọ́n tún pàdánù, 44 sí 12. Ojo kò tún wọ aṣọ náà nínú ìdíje àgbà mọ́ láéláé. Àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Ugo Monye, tí òun náà jẹ́ ọmọ àwọn òbí Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ipò kan náà. Ìgbà ò lọ bí òréré.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi irú ìtàn báyìí dẹ́rù ba ọmọ. Ìbátan mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí wọn ò pè é mọ́, kí ni ọmọ yẹn yóò wá dà?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lọ sí òkè òkun kò fẹ́ kí ọmọ òun fi ẹsẹ̀ lásán jẹun.

Ìdáhùn tí mo fún un wà nínú ohun tí Ojo ṣe lẹ́yìn Christchurch. Ó padà sí London Irish, ẹgbẹ́ tí àwọn ará Ireland tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù dá sílẹ̀ ní 1898. Ó yẹ kí ọmọ àwọn tó wá láti ìlú mìíràn rí ara rẹ̀ bí onílé nínú ẹgbẹ́ tí àlejò dá sílẹ̀. Ní 2009, àmì kan ṣoṣo ni Leicester fi gba ife ẹ̀yẹ líìgì mọ́ ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ní Twickenham, 10 sí 9. Ní 2016, wọ́n já sí ìpele kejì; wọ́n padà ní 2017, wọ́n tún já ní 2018, wọ́n tún padà ní 2019. Ojo wà pẹ̀lú wọn nínú gbogbo rẹ̀. Ojú kan làdá ń ní. Nígbà tó fi fẹ̀yìn tì ní 2020, ó ti ṣeré fún wọn ju 300 ìgbà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹni tí ń ṣàlàyé rọ́gíbì fún àwọn òǹwòran lórí tẹlifíṣàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ìṣirò náà: ọjọ́ méjì fún orílẹ̀-èdè, ó lé ní 300 fún ẹgbẹ́. Ọjọ́ méjì yẹn ni ayé ń rántí, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́. Òun ló sanwó ilé, òun ló sì kọ́ ọ ní ìmọ̀ tó ń lò lónìí. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ sáré ní etí pápá, ẹ má ṣe bi í léèrè bóyá orílẹ̀-èdè yóò pè é. Ẹlòmíràn ni yóò pinnu ìyẹn. Ẹ bi í bóyá yóò lè jí ní òwúrọ̀ òtútù lọ ṣe ìgbáradì ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ sì rí i dájú pé kò fi ìwé sílẹ̀, nítorí pé ilé eré pàápàá lè wó. Ní oṣù Kẹfà 2023, wọ́n yọ London Irish kúrò nínú líìgì nítorí ọ̀ràn owó. Iṣẹ́ tí Ojo ti ṣe níbẹ̀ kò bá a lọ.