ỌMỌ-KÉÚ ÀTI GÉÈMÙ: NÍBO NI KÍ A PA ÀÀLÀ SÍ?

Ọ̀rọ̀ géèmù ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, nítorí pé ó ti wọ inú kíláàsì wa.

Bí ó ṣe wọ ibẹ̀ nìyí. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí orí rẹ̀ pé gan-an. Bí a bá fún un ní ayah mẹ́wàá ní Sátidé, yóò ti há a sórí kí ilẹ̀ Àìkú tó ṣú. Nígbà tó yá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọjá, ojú kan náà ló wà. Oorun a máa kùn ún nídìí wáláà. A rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ìgbà tí a ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ ni a tó mọ̀ pé abẹ́ aṣọ ìbora ni ọmọ náà ti ń gbá géèmù lórí fóònù ìyá rẹ̀ títí di aago méjì òru. Bàbá bínú, ó fi ọmọ odó fọ́ fóònù náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ọmọ fi di oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan níhìn-ín ní Sábó, owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló sì ń ná síbẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ wa ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ fún wa.

A kò dá bàbá yẹn lẹ́bi, inú ló bí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń di ọmọ mú nídìí géèmù. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni a ń tò sínú wọn ní mẹ́rin mẹ́rin. Bí a bá jẹ ọmọ ayò tán, ayò parí. Ẹni méjì ló sì ń ta á: bí ọ̀kan bá gbọ́ ìpè ìrun tó dìde, ìkejì kò lè dá a ta. Ọ̀pọ̀ géèmù orí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀, wọn kò ní ìparí. Bí ọmọ bá borí ní ìpele kan, òmíràn ti ṣí sílẹ̀. Wọn yóò fún un lẹ́bùn nítorí pé ó wá lónìí. Bí kò bá wá lọ́la, ẹ̀bùn ọ̀la bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó tóbi nínú ẹ̀bùn náà kì í ní àkókò. Ó lè bọ́ sí ìgbà yìí, ó lè di ìgbà kẹwàá, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbá ẹ̀ẹ̀kan péré sí i." Àwọn tó ṣe géèmù mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé bí ọmọ bá ṣe ń pẹ́ nídìí rẹ̀ ni owó ń wọlé fún wọn. Agbára ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ká irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àwa àlùfáà nìkan ló ń kígbe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, àti pé kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí àìsàn géèmù wà nínú ìwé tí àwọn dókítà fi ń ka àìsàn, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Wọn kò pe gbogbo ẹni tó ń gbá géèmù ní aláìsàn o. Ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, tó ń fi géèmù ṣáájú ohun gbogbo, tí kò jáwọ́ bó tilẹ̀ ń pa á lára, ni wọ́n ń wí.

Àwọn kan nínú mọ́sálásí ní kí a kúkú fòfin de eré pátápátá. A kò fara mọ́ èyí. Imam al-Ghazali, tó kú ní ọdún 505 Hijra, èyí tí í ṣe 1111 ti òyìnbó, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé Ihya. Ó ní bí ọmọ bá ti ilé-kéú dé, kí a jẹ́ kó ṣe eré tó dára kí àárẹ̀ ẹ̀kọ́ lè kúrò lára rẹ̀. Ó tún ní bí a bá fi eré dù ú, tí ẹ̀kọ́ kò sì fún un ní ìsinmi, ọkàn ọmọ yóò kú, yóò sì máa wá ọgbọ́n tí yóò fi sá fún ẹ̀kọ́ náà. Ṣé kì í ṣe ohun tí ọmọ tí a fọ́ fóònù mọ́ lọ́wọ́ ṣe nìyẹn?

Ìyá kan nínú àwọn òbí wa, tó ń ta èlùbọ́, ló rí ọgbọ́n dá sí tirẹ̀. Jímọ̀ àti Sátidé nìkan ni ọmọ rẹ̀ ń gbá géèmù, wákàtí kan ṣáájú Màgáríbì, nínú pálọ̀ tí gbogbo ilé ti ń rí i. Kì í ṣe aago ni wọ́n ń wò, ìpè ìrun ni. Bí ladáànì bá ti gbé ohùn sókè, eré tán. Ìyá náà kì í já fóònù gbà lójijì, á ti sọ ṣáájú pé, "Ìpele tí o wà yẹn ni ìkẹyìn o." Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú yàrá ìyá ni fóònù ń sùn. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹkún ni. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ tiwa náà. Nígbà tí a ń bá kíláàsì sọ ọ̀rọ̀ yìí, fóònù wa dún lápò, a sì yọ ọ́ wò. Ọmọdébìnrin kan nawọ́, ó ní, "Àlùfáà, ṣé ti WhatsApp kò ní àkókò tirẹ̀ ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, inú àpótí ni fóònù àwọn olùkọ́ ń wà títí a ó fi jáde.

Ti ṣọ́ọ̀bù géèmù le jù, nítorí ọ̀rọ̀ owó. Bí àwọn ọmọ méjì bá gbá géèmù bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá fìdí rẹmi ni yóò san owó àwọn méjèèjì. Wọ́n rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá jọ fi owó wọn sínú ewu, tí ọ̀kan jèrè tí ìkejì sì gbèsè, tẹ́tẹ́ nìyẹn, ohun tí ayah 90 nínú Súrà al-Maidah kọ̀ fún wa. Kí olúkálùkù san tirẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó níbẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ àwọn àpótí ẹ̀bùn tí a ń fowó rà nínú géèmù, tí a kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ àfi tí a bá ṣí i. Àwọn tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ ní 2018 pé tẹ́tẹ́ ni.

Àwa olùkọ́ méjì lọ bá oníṣọ́ọ̀bù náà. A rò pé yóò bú wa, ṣùgbọ́n ó fún wa níjòókòó. Ó ní òun náà ní ọmọ, pé òun kò mọ àkókò kéú ni. Ó gbà pé òun yóò máa pa ẹ̀rọ bí ìpè bá dún, òun kò sì ní gba ọmọ tó gbé wáláà dání. Ó ní kí a bá òun kọ àkókò kéú sí pátákó kan kí òun gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà. A ti kọ ọ́ fún un, ní Yorùbá àti ní Haúsá.