Ẹ̀jẹ̀, Jíìnì àti Ìyọ̀ǹda: Iṣẹ́ Ìwádìí Charles Rotimi àti Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá ka ẹ̀jẹ̀ sí ohun tí a kì í fi ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba ẹ̀jẹ̀ lára wa, ohun àkọ́kọ́ tí a ó béèrè ni ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń wo ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú ìwádìí ìṣègùn. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé Charles Rotimi wò, a ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè pẹ̀lú.

Ta ni Rotimi?

Ìlú Bìní ni a bí Rotimi sí, Yunifásítì ìlú náà ni ó sì ti gba oyè àkọ́kọ́. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Alabama ní Birmingham, lórí ìmọ̀ bí àìsàn ṣe ń pín láàárín àwùjọ. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Howard kí ó tó di olùdarí àkọ́kọ́ fún ibùdó ìwádìí jíìnì àti ìlera àgbáyé tí National Institutes of Health dá sílẹ̀ ní 2008. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún African Society of Human Genetics, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 2003. Ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ nínú ètò H3Africa tí a kéde ní 2010, kí àwọn onímọ̀ Áfíríkà lè máa ṣe ìwádìí jíìnì lórí ilẹ̀ wọn, dípò kí wọ́n kàn máa kó ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn

Rotimi wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí ètò HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2005. Ènìyàn 270 ni a lo ẹ̀jẹ̀ wọn: 90 ní Ìbàdàn, 90 ní Utah, 45 ní Beijing, 45 ní Tokyo. Ẹbí 30 ni ti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ kan tí ó ti dàgbà nínú ẹbí kọ̀ọ̀kan.

A kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Èyí dáàbò bo ẹni kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn náà kò lè gba tirẹ̀ padà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ èwo ni tirẹ̀. Ní ìdà kejì, orúkọ ẹ̀yà kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí a bá rí lára àwọn díẹ̀ ni a ó máa sọ nípa gbogbo ìran. Ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ bá àwùjọ sọ̀rọ̀. A sì pinnu pé “Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà” ni kí a máa pe ẹ̀jẹ̀ náà, kì í ṣe “Áfíríkà”. Àádọ́rùn-ún ènìyàn ní ìlú kan kò lè ṣojú Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, áḿbọ̀sì Haúsá tàbí Zulu.

Ìyọ̀ǹda nínú èdè

Ní 2006, Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 655 ní Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà, tí wọ́n ti kópa nínú ìwádìí jíìnì lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ jù lọ sọ pé tinútinú ni àwọn fi kópa. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará Nàìjíríà péré ni ó mọ̀ pé àwọn lè yọwọ́.

Níhìn-ín ni èdè ti wọlé. “Ìfọwọ́sí” àti “ìyọ̀ǹda” kì í ṣe ohun kan náà. Ènìyàn lè fọwọ́ sí ìwé nítorí ìtìjú tàbí nítorí ọ̀wọ̀ fún dókítà; ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ti inú ẹni wá, lẹ́yìn tí a ti lóye ọ̀rọ̀. Bákan náà, bí a bá pe jíìnì ní “ẹ̀jẹ̀” lásán, ẹni tí ń gbọ́ yóò máa retí èsì àìsàn ara rẹ̀. Bí a bá pè é ní “àjogúnbá”, ó lè rò pé ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni. Èrò tiwa ni pé kí a lo “jíìnì”, kí a sì fi AS àti SS ṣàlàyé rẹ̀: ohun tí bàbá àti ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́ nínú ara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ èyí kí wọ́n tó ṣègbéyàwó.

Ìkádìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwùjọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Iṣẹ́ tiwa ni kí ìdáhùn yé wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa túmọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda kan, kí wọ́n kà á fún àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, kí wọ́n sì ní kí ó tún un sọ. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀ ni kí a ti tún ìtumọ̀ náà ṣe.