Ìkóníjàánu Inú Ọpọlọ: Ipa Rẹ̀ Lórí Ìgbì Ọpọlọ, Ẹ̀kọ́ Kíkọ́ àti Ìrántí

1.0 Ìfáárà
Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí iṣẹ́ inú ọpọlọ bá ṣe pọ̀ tó ni òye olúwarẹ̀ yóò ṣe jinlẹ̀ tó. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń rántí, nítorí pé apá kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dá àwọn yòókù lọ́wọ́ kọ́. Ìkóníjàánu ni a ó máa pe iṣẹ́ yìí. A mú ọ̀rọ̀ náà lò nítorí pé ìjánu kì í pa ẹṣin. Òun ni ẹlẹ́ṣin fi ń darí ìrìn rẹ̀.

2.0 Bí Ìkóníjàánu Ṣe Ń Ṣẹlẹ̀
Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó ṣe kókó fún àlàyé wa. Èkíní ni arunisókè, tí ó ń lo èròjà glutamate láti ta sẹ́ẹ̀lì mìíràn jí. Èkejì ni akóníjàánu, tí ó ń lo GABA. Ní 1950 ni Eugene Roberts àti Jorge Awapara, tí oníkálùkù ń ṣe ìwádìí tirẹ̀, fi hàn pé GABA wà nínú ọpọlọ. Bí èròjà yìí bá kan ara sẹ́ẹ̀lì, ojú ọ̀nà kékeré kan yóò ṣí, kiloráìdì yóò sì wọlé. Èyí kò ní jẹ́ kí agbára iná inú sẹ́ẹ̀lì náà tó ìwọ̀n tí yóò fi lè ránṣẹ́. Àwọn akóníjàánu kò pọ̀ tó àwọn arunisókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹyọ kan nínú wọn lè tó sẹ́ẹ̀lì tí ó lé ní 1,000.

3.0 Ìgbì Ọpọlọ
Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba ìgbì ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní 1924. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1929. Báwo ni ìgbì ṣe ń wáyé? Akóníjàánu kan a pa ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá rọlẹ̀, gbogbo wọn a jùmọ̀ ránṣẹ́. Ìránṣẹ́ yìí a tún jí akóníjàánu náà dìde. Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ nìyẹn. Ìgbì theta ń ṣẹlẹ̀ nígbà 4 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti gamma a máa tó 30 sí 80. Ẹni tí ó bá mọ dùndún mọ̀ pé ìdákẹ́ àárín ìlù wà lára ìlù. Láìsí i, ariwo lásán ni.

4.0 Ẹ̀kọ́ Kíkọ́ àti Ìrántí
Ní 1953, William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison, ó sì gé apá tí ó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 2008, ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun kì í dúró lọ́kàn rẹ̀. Inú hippocampus yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá ránṣẹ́ ní àkókò kan náà ti ń so pọ̀ sí i. Ìgbì ni ó ń pè wọ́n jọ. Ìkóníjàánu ni ó ń ya èyí tí yóò sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ kò dára. Oògùn midazolam, tí a máa ń fún aláìsàn kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, a máa fi kún agbára GABA. Aláìsàn lè dáhùn ìbéèrè nígbà náà, kí ó má sì rántí rẹ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.

5.0 Bí Ìjánu Bá Já
Ara nílò fítámì B6 láti ṣe GABA. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1959, gìrì mú àwọn ọmọ-ọwọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń mu wàrà alágolo tí fítámì yìí kò tó nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní B6, gìrì náà dáwọ́ dúró.
Ọ̀rọ̀ yìí kan àwùjọ tiwa. Àwọn kan ṣì gbà pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé lè ran ẹlòmíràn, nítorí náà wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àlàyé wa fi hàn pé kò sí ohun tí itọ́ náà ń gbé kiri: àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ó ń ránṣẹ́ papọ̀ láìgba ìjánu. Diazepam, tí ó ń ran GABA lọ́wọ́, wà lára oògùn tí a fi ń dá a dúró.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Ohun tí a rí fà yọ ni pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ìjánu bá le jù, ẹ̀kọ́ kò ní wọlé. Bí ó bá já, gìrì ni. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní sá fún ọmọ tí wárápá ń gbé, kò sì ní yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé.