Ìdí tí àwọn oní-fóònù sátẹ́láìtì kò fi rí oníbàárà tó

Bí ènìyàn bá wà láàárín aṣálẹ̀ Sàhárà, tàbí lórí òkun níbi tí kò ti lè rí ilẹ̀ rárá, fóònù alágbèéká tí gbogbo wa ń lò kò lè bá a pe ẹnikẹ́ni. Fóònù sátẹ́láìtì lè jẹ́ kí ó gbóhùn àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tó wúlò tó báyìí, ènìyàn á rò pé aráyé yóò máa dù ú ni. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ilé-iṣẹ́ Iridium la ó sì fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Motorola ti Amẹ́ríkà ló bí Iridium. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ní ọdún 1985, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ wọn lọ gbafẹ́ ní erékùṣù Bahamas, kò sì rí ọ̀nà tó lè gbà fi fóònù pe àwọn oníbàárà rẹ̀ nílé. Láti 1987 títí di oṣù kọkànlá ọdún 1998 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ni wọ́n ná. Sátẹ́láìtì 66 ni ètò náà ń lò.

Orí 66 yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Sátẹ́láìtì Iridium kì í dúró sójú kan. Nǹkan bí kìlómítà 780 ló fi ga sí ilẹ̀, ìṣẹ́jú 100 ló sì ń gbà láti yí ayé po. Èyí tó wà lókè Èkó nísinsìnyí, kò ní pẹ́ kọjá lọ. Nítorí náà, kódà bó jẹ́ oníbàárà kan ṣoṣo ló fẹ́ máa pe ènìyàn nígbàkigbà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Bẹ́ẹ̀ omi ló gba nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ojú ayé, ẹja kì í sì í ra káàdì ìpè.

Ẹ fi wé ohun tí ojú wa rí ní Nàìjíríà. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ìwé àṣẹ GSM kọ̀ọ̀kan ní oṣù kìíní ọdún 2001, owó kékeré kọ́. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò dúró kí òpó wọn dé gbogbo abúlé. Àwọn ìlú ńlá bí Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, owó tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń san wà lára ohun tí wọ́n fi ń ri òpó lọ síwájú. Oní-sátẹ́láìtì kò lè kọ́ ti Èkó kí ó fi ti òkun sílẹ̀.

Oníṣòwò ńlá tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ni Iridium fọkàn sí. Kí wọ́n tó parí iṣẹ́, òpó GSM ti dé ọ̀pọ̀ ìlú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń lọ. Fóònù tiwọn tó nǹkan bí 3,000 dọ́là, ó tóbi bíi bíríkì, ìṣẹ́jú kan sì ń jẹ dọ́là bíi mélòó kan. Èyí tó burú jù ni pé ó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wo ni yóò fi ìpàdé sílẹ̀ lọ dúró sínú oòrùn nítorí ìpè? Ẹni tí kò ní òpó nítòsí rẹ̀ ní tòótọ́ ni àgbẹ̀ inú oko, kò sì ní 3,000 dọ́là. Ẹni tó lówó kò nílò rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ kò lówó.

Àwọn tó yá wọn lówó ní kí wọ́n ní oníbàárà 27,000 kí oṣù kẹta ọdún 1999 tó parí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti díẹ̀ ni wọ́n rí. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n sá di ilé-ẹjọ́ nítorí gbèsè. Globalstar tó ń bá wọn du ọjà náà kó sínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2002.

Mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ta gbogbo dúkìá Iridium ní ìparí ọdún 2000. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí owó tiwa, àbọ̀ kọ́bọ̀ ni lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba àwọn tó rà á là ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tó gbà láti san mílíọ̀nù 72 dọ́là fún ọdún méjì. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ òfurufú àti àwọn awakùsà ló ń mú owó wá, púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wọn kì í sì í ṣe ènìyàn mọ́, ẹ̀rọ ni, irú èyí tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ kí ó lè máa ròyìn ibi tó wà.

Ní ọdún 2022, Apple mú kí iPhone 14 lè fi iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Globalstar. Ẹni tó sọnù sínú igbó kò san kọ́bọ̀ fún Globalstar. Apple ló ń san án.