Iye kan fún ipò púpọ̀: fífi àmì èdè sí àtòjọ Bantè àti Savalou

Ẹni tó bá ń kó ọ̀rọ̀ jọ ní Bantè àti Savalou kì í pẹ́ rí i pé títẹ àmì èdè kan náà sí ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń súni. Kọ̀mínù Bantè ní arrondissement 9, Savalou ní 14. Bí a bá to gbogbo 23 tẹ̀léra nínú Python, tí Bantè ṣáájú, a lè ní kí kọ̀ǹpútà fi àmì kan sí ipò 9 àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ISO 639-3, ica ni àmì Ìcà, mxl ni ti Maxi, ife sì ni ti Ifẹ̀, ìyẹn Ifẹ̀ ti Atakpamé, kì í ṣe ti Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lè ba dátà jẹ́ láìpariwo.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni ede[0:9] = "ica". Python kò ka "ica" sí ohun kan níhìn-ín. Lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀léra ló rí. Á yọ ipò 9 kúrò, á fi i, c, a rọ́pò wọn, àtòjọ ipò 23 á sì di 17. Gbogbo ti Savalou ti sún sókè ní ipò mẹ́fà nìyẹn, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó tọ́ ni ede[0:9] = ["ica"] * 9.

NumPy gba iye kan ṣoṣo fún ipò púpọ̀ láìjiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi "yo", àmì Yorùbá oní-lẹ́tà méjì, kún àtòjọ náà tẹ́lẹ̀, lẹ́tà méjì péré ni ààyè ibẹ̀ gbà: "ica" á di "ic". Ní ti R, ede[1:9] <- "ica" dára. Kí a ṣọ́ra fún ede[10:23] <- c("mxl", "ife"): nítorí pé 14 ṣeé pín sí méjì, R á máa pààrọ̀ àmì méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìbèèrè ta ló ń sọ kí ni.

Ọ̀kan wà tó yẹ kó dùn mọ́ onímọ̀ èdè. Ká ní a fẹ́ àkọsílẹ̀ òfìfo fún ìlú mẹ́rin, a sì kọ [[]] * 4. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni a ṣe. Ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tọ́ka sí i. Ohun tí a bá kọ fún Pira á yọ ní Koko. Affectation ni Faransé ń pe fífi iye sí ipò, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń sọ ti olùkọ́ tí ìjọba rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Python ti rán olùkọ́ kan sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀ pẹ̀lú àpètúnpè: "ó fún wọn ní ìwé kan" lè jẹ́ ìwé tí gbogbo wọn jọ ń lò, ṣùgbọ́n "ó fún wọn ní ìwé kọ̀ọ̀kan" kò ṣeé gbọ́ bẹ́ẹ̀. [[] for i in range(4)] ni "kọ̀ọ̀kan" ti Python.

Ṣùgbọ́n kódù tó tọ́ lè purọ́. Ìlú ọba Maxi ni Savalou, ìran Gbaguidi ló ń jọba níbẹ̀, ó sì rọrùn láti fi mxl kún gbogbo ìlà 14. Tchetti wà nínú ìlà yẹn, Ifẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ààlà ìjọba ni kọ̀mínù, kì í ṣe ààlà èdè. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé Bantè ló ń sọ Ìcà. Èrò mi ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti olùsọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ti ìlú, kí a sì ní òpó kejì tó ń sọ ibi tí àmì ti wá: ṣé ẹnu olùsọ̀rọ̀ ni a ti gbọ́ ọ, àbí àwa ni a fi kún un. Bí a bá ti fi iye kan kún ìlà 14, èyí tí a gbọ́ àti èyí tí a rò kò yàtọ̀ lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹni tí a kò tíì bi léèrè, kí ààyè rẹ̀ ṣófo.