Kí Ẹ Tó Ra Dátà Kún Dátà: Ibi Tí Second Life Ti Ń Fà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mélòó nínú yín ló ń ra dátà nítorí àìsàn tí dátà kò lè wò? Èyí tó kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí ń kọ́ àwọn àjèjì ní Yorùbá nínú Second Life. Ó ní bí kíláàsì bá ti kún, ohun gbogbo á máa fà bí ìgbín, òun á tẹ bọ́tìnnì, kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ti ń sá lọ. Dátà ti sú u rà, ó wá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ní kó fọwọ́ wọ́nú ná.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Second Life ni ayé orí kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ Linden Lab ní San Francisco ṣí sílẹ̀ ní 2003. Àwọn tó ń lò ó fúnra wọn ló kọ́ ilé ibẹ̀, àwọn ló rán aṣọ, àwọn ló gbin igi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wá. Nínú géèmù tí iléeṣẹ́ kan ṣe látòkèdélẹ̀, wọ́n á ti wọn àwòrán kọ̀ọ̀kan kó má baà wúwo jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán aṣọ nínú Second Life, ta ló fẹ́ wọn tiẹ̀? Ẹwà ló ń tà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní lag, àìsàn mẹ́ta ni, wọ́n kàn jọra lójú ni. Ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà yín, ó lè jẹ́ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè jẹ́ sáfà tó gbé àgbègbè tí ẹ wà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti 1 pọ̀, pátákó kékeré kan á yọ. FPS ni iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà yín ń ya àwòrán ayé náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kò bá tó 15, ọ̀dọ̀ yín ni àìsàn wà. Ping ni àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ tó sì ń bọ̀. Time Dilation ni ti sáfà: bó bá wà ní 1.0 tàbí kó sún mọ́ ọn, ara sáfà le.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí, FPS rẹ̀ jẹ́ 7, Time Dilation sì jẹ́ 0.99. Dátà tó ń rà, omi ló ń pọn sínú agbọ̀n.

Oògùn àkọ́kọ́ ni Draw Distance, ìyẹn ibi tí ojú ń ríran dé. Tirẹ̀ wà ní 256 mítà. Bí ẹ bá dín in kù sí 64, ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ní láti yà á di ìdá kan nínú 16. Inú yàrá kan ṣoṣo lẹ ti ń kàwé, kí lẹ fẹ́ fi òpin ìlú ṣe? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa òjìji.

Àwọn avatar ló kàn. Àwòrán aṣọ kan tó fẹ̀ ní 1024 níbùú àti lóòró lè gba mẹ́gábáìtì 4 nínú ìrántí káàdì àwòrán. Bó bá jẹ́ 512, mẹ́gábáìtì 1 péré ni. Ẹ wá ro ẹni tó wọ 50 irú rẹ̀ wá sí kíláàsì, kí ẹ tó ka irun orí rẹ̀. (Irun kan lè wúwo ju ilé lọ níbẹ̀, mi ò ṣàwàdà.) Ẹ dín Maximum Complexity kù nínú Preferences: ẹni tó bá wúwo ju ìwọ̀n yín lọ á kàn hàn bí ère aláwọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ máa pa cache rẹ́ lójoojúmọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Àwòrán tí ẹ ti fowó gbà wọlé lẹ ń dà nù yẹn, dátà yín náà lẹ ó fi gbà á padà.

Ní ti ping, ẹ gba kámú. Láti 2020 ni sáfà wọn ti kó lọ sórí ti Amazon, ní Oregon, ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Láti Èkó dé ibẹ̀ tó 12,000 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú wáyà abẹ́ òkun, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní ìdá 120 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Wáyà náà kì í sì í lọ tààrà. Kò sí dátà tó lè gé ọ̀nà yẹn kúrú. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ lo wáyà dípò Wi-Fi, kí ìsọfúnni má baà máa sọnù lójú ọ̀nà. Packet Loss ló ń fi ìyẹn hàn.

Bó bá wá jẹ́ Time Dilation ló já sí 0.5, gbogbo yín lẹ jọ ń jìyà ẹ̀, ẹni tó ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá àti ẹni tí kò rà. Èrò àti script ló sábà máa ń fà á. Ẹ ní kí oníkálukú bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ tó ní script nínú sílẹ̀, kí ẹni tó ni ilẹ̀ náà pa èyí tí kò wúlò. Bí kò bá gbọ́, ẹ kó kíláàsì yín lọ sí àgbègbè mìíràn.